Olùkọ́ Iṣẹ́ àti Ìwé Tí Ó Fi Ń Wá Iṣẹ́

Ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n tí ó ti sé ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èyí ni ìwé ìtàn-iṣẹ́, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí CV. Kì í ṣe ti gbogbo òṣìṣẹ́ ni a ó sọ, bí kò ṣe ti ẹni tí ó fẹ́ kí a gba òun gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ iṣẹ́, èyíinì ni ẹni tí ilé iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ yóò yàn láti máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà wá nìyí. Ní ọjọ́ Sátidé kan, arákùnrin kan tí ń gbé ní Ìgànmú wọlé tọ̀ wá, ó mú àpò ọ̀rá kan lọ́wọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ó ní aya àti ọmọ mẹ́ta. Ọdún mẹ́rìnlá ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ìdí ẹ̀rọ tí ń lẹ ìwé mọ́ ara ìgò, ní ilé iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Nígbà tí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, ó wà nínú àwọn tí wọ́n ní kí ó máa lọ. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó jókòó, ó sì yọ ìwé inú àpò náà. Ó wí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ibi mọ́kànlá ni mo ti fi ìwé yìí sílẹ̀ pé mo fẹ́ ṣe olùkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun. Kò sí ẹnìkan tí ó pè mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó, bóyá ẹ ó rí ibi tí mo ti ṣì í.”

Àwọn tí ó mọ Ìgànmú mọ̀ pé àdúgbò iṣẹ́ ni. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1946, ti gbé ìgò ọtí rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1949. Níbẹ̀ ni gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá ti ìjọba wà, èyí tí a parí ní ọdún 1976 de àjọ FESTAC ti ọdún 1977, tí a sì tún ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ní orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line pẹ̀lú ti ń gbé èrò kọjá níbẹ̀, tí ó sì ń dúró ní Orílé Ìgànmú. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, kò sí èyí tí a bí mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ń darí ẹ̀rọ ìgò, ẹni tí ń tan iná sí orí ìtàgé, ẹni tí ń wa ọkọ̀ ojú irin, ẹnìkan ni ó kọ́ olúkúlùkù wọn. Nítorí náà ohun tí arákùnrin wa ń wá kì í ṣe ohun tí kò sí.

A ṣí ìwé náà. Ojú ewé mẹ́rin ni. Ojú ewé kìn-ín-ní sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìlú bàbá rẹ̀, ìjọ tí ó ń lọ àti iye ọmọ rẹ̀. Ojú ewé kejì sọ nípa ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó wí pé òun jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun, pé òun lè ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tí ń ṣọ́ òun, pé òun sì lè fara da ìnira. Nígbà tí a dé ibi ọdún mẹ́rìnlá náà, ìlà kan ṣoṣo ni a bá: “Òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ.” Ní ìparí, a kà pé ohun tí ó fẹ́ràn jùlọ ni ìwé kíkà, ìrìn-àjò àti bọ́ọ̀lù. A bi í léèrè ìwé tí ó kà gbẹ̀yìn. Ó bú sí ẹ̀rín, ó ní ọmọkùnrin tí ó bá òun tẹ ìwé náà ni ó fi í síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń ṣe fún gbogbo oníbàárà rẹ̀.

Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò lè fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ní ìgbà èwe wa, nígbà tí a kọ́kọ́ kọ lẹ́tà láti wá iṣẹ́ akọ̀wé, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gùn jù nínú ìwé atúmọ̀ ni a ṣà jọ. Ọ̀gá tí ó kà á bi wá ní ìtumọ̀ mẹ́ta nínú wọn, a kò mọ ìkankan. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a yá kì í gbani nígbà ìbéèrè.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tí a rí gẹ́gẹ́ bí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ń wá iṣẹ́ ọwọ́ yóò fi ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe hàn. Ẹni tí ń wá iṣẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ ní láti fi ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn ń ṣe nítorí rẹ̀ hàn. Àwọn bàbá wa kò ní CV, ṣùgbọ́n wọ́n mọ irú rẹ̀ kà. Nígbà tí bàbá kan bá fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà tàbí aránṣọ, kì í ṣe àga tí ọ̀gá náà kàn tàbí aṣọ tí ó rán nìkan ni yóò wò. Yóò béèrè pé: àwọn wo ni ó ti gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀? Níbo ni wọ́n wà? Ṣé wọ́n ti ní ìsọ̀ tiwọn? Ọ̀gá tí iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń sá lọ, àwọn òbí kì í mú ọmọ wọn tọ̀ ọ́ lọ.

Agbanisíṣẹ́ òde òní ń béèrè bákan náà, ó sì ní ìdí kan sí i. Òfin ọdún 1971 ni ó dá Industrial Training Fund sílẹ̀, tí a ń pè ní ITF, olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Jọ́ọ̀sì. Gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe tí a ṣe sí òfin náà ní ọdún 2011, agbanisíṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní láti máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó iṣẹ́ tí ó ń san lọ́dún sínú àpò náà. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rí hàn pé òun kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òun bí ó ti yẹ lè gbà tó ìdajì rẹ̀ padà. Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rí. Orúkọ àwọn tí ó wá, ọjọ́ tí a kọ́ wọn, ètò ẹ̀kọ́ náà àti àbọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn ni a ń kọ sílẹ̀. Olùkọ́ iṣẹ́ tí ó mọ ìwé ẹ̀kọ́ pa mọ́ wúlò ju èyí tí ó kàn mọ ọ̀rọ̀ sọ lọ, ó sì yẹ kí CV rẹ̀ fi èyí hàn.

A wá yí padà sí arákùnrin wa, a bi í pé, “Àwọn wo ni o ti kọ́?”

Ó dáhùn pé, “Èmi kẹ̀? N kò kọ́ ẹnikẹ́ni o. Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà.”

A ní, “Nígbà tí ẹni tuntun bá dé ìdí ẹ̀rọ náà, ta ni ń fi ọ̀nà hàn án?”

Ó ní, “Èmi ni. Láti ọdún karùn-ún mi ni ọ̀gá ti máa ń wí pé kí wọ́n wá bá mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, wọn kò san owó rẹ̀ fún mi. Mo rò pé kì í ṣe iṣẹ́.”

A fún un ní ìwé àti kálàmù, a ní kí ó kọ orúkọ wọn. Ó kọ mẹ́fà, ó dákẹ́. Ó rántí ọ̀kan tí ń bẹ̀rù ariwo ẹ̀rọ, ó kọ orúkọ rẹ̀. Ó rántí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n jọ dé, ó kọ tiwọn. Nígbà tí yóò fi tó wákàtí kan, orúkọ mẹ́tàlélógún ni ó wà lórí ìwé. Ó wò ó títí, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi ṣe olùkọ́ láìmọ̀, ìwé rẹ̀ kò sì sọ ọ́ rárá.

Bí a bá ti ní orúkọ, kí ni a ó sọ nípa wọn? Ní ọdún 1959, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Donald Kirkpatrick, kọ̀wé pé ohun mẹ́rin ni a fi ń wọn ẹ̀kọ́ tí a kọ́ òṣìṣẹ́. Èkíní, ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ náà tayọ̀tayọ̀? Èkejì, ṣé wọ́n mọ ohun tí wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹ̀kẹta, nígbà tí wọ́n padà sí ìdí iṣẹ́, ṣé wọ́n lò ó? Ẹ̀kẹrin, ṣé ó ṣe ilé iṣẹ́ náà ní àǹfààní? Títí di òní ni àwọn tí ń gba olùkọ́ iṣẹ́ ṣì ń lo ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá fi wọ́n yẹ ọdún iṣẹ́ rẹ̀ wò yóò rí ohun tí yóò kọ.

A fi wọ́n yẹ ti arákùnrin wa wò. Ní ti èkíní, kò ní ẹ̀rí kankan, a fi í sílẹ̀. Ní ti èkejì, ó ní oṣù mẹ́ta ni ẹni tuntun fi ń kọ́ ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ kí a tó fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Òun pín iṣẹ́ náà sí ìpele méje, òun ya àwòrán rẹ̀ sára páálí, ó sì di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ní ti ẹ̀kẹta, méjì nínú àwọn tí ó kọ́ ti di alábòójútó. Ní ti ẹ̀kẹrin, ó ní ìgò tí ìwé rẹ̀ wọ́ dín kù púpọ̀, kí á kọ ọ́ pé ó dín ní ìdajì. A bi í pé, ta ni ó kà á? Kò sí. A ní kí ó má kọ iye tí kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí; kí ó fi sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ láti sọ, bí wọ́n bá bi í.

Ìlà kan ṣoṣo tí a bá tẹ́lẹ̀ wá di báyìí: “Fún ọdún mẹ́sàn-án, mo kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun mẹ́tàlélógún ní lílo ẹ̀rọ tí ń lẹ ìwé mọ́ ìgò. Mo pín iṣẹ́ náà sí ìpele méje, mo sì ya àwòrán fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Àkókò tí ẹni tuntun fi ń kọ́ ọ dín láti oṣù mẹ́ta sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Méjì nínú wọn ti di alábòójútó.” Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá nínú rẹ̀. Bí a bá sì bi í léèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí ó wúwo. Ní ojú ewé kẹta, a rí i kà pé ó ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ iṣẹ́ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. A ní kí ó mú un wá kí á wò ó. Ó tẹrí ba. Ọmọkùnrin atẹ̀wé náà ni ó sọ fún un pé gbogbo ènìyàn ni ń fi irú rẹ̀ sí i, pé bí wọ́n bá béèrè, òun yóò bá a wá ọ̀kan. Arákùnrin wa ní, “Ẹ̀gbọ́n, owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta ni ó wà ní ọrùn mi.” A kò bínú sí i, nítorí a mọ bí ó ti rí fún baálé ilé tí oṣù ń parí fún láìsí owó. Ṣùgbọ́n a sọ fún un pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Iṣẹ́ tí ó ń wá jẹ́ láti dúró níwájú àwọn ènìyàn kí wọ́n lè gbà á gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí irọ́ kan nínú ìwé rẹ̀, orúkọ mẹ́tàlélógún tí ó jẹ́ òtítọ́ yóò di irọ́ pẹ̀lú. Ó mú kálàmù, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà sí i.

Ọ̀nà òtítọ́ wà fún ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí. ITF fúnra rẹ̀ a máa kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ iṣẹ́. Lábẹ́ àjọ NBTE pẹ̀lú, ètò kan wà tí a ń pè ní National Skills Qualifications, nípa èyí tí a lè dán ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́ wò, kí a sì fún un ní ìwé ẹ̀rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí iṣẹ́ ni ó ti kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ lè kọ ọ́ sínú CV rẹ̀ pé òun ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Fún àǹfààní àwọn ilé tí irú ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ jẹ́ kí á to ìyókù lẹ́sẹẹsẹ.

Kí ìwé náà má ju ojú ewé méjì lọ. Orúkọ, àdúgbò, nọ́ńbà fóònù tí ń lọ àti àdírẹ́sì ímeèlì tí kò ní àwàdà nínú ni kí ó ṣáájú. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ fi ìlà mẹ́ta péré sọ irú olùkọ́ tí ẹ jẹ́: iṣẹ́ wo ni ẹ ń kọ́ni, irú ènìyàn wo ni ẹ ti kọ́, fún ọdún mélòó. Lẹ́yìn náà ni ìtàn iṣẹ́, kí ti lọ́ọ́lọ́ọ́ ṣáájú ti àtijọ́. Lẹ́yìn náà ìwé ẹ̀rí, àti èdè tí ẹ gbọ́. Ẹ má fi ojú kékeré wo ti èdè. Olùkọ́ tí ó lè fi Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Píjìn là iṣẹ́ yé ènìyàn ní Èkó ní ohun tí ẹlòmíràn kò ní.

Ẹ ka ìkéde iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ni ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ìwé wò kí ènìyàn tó fi ojú kàn án. Bí ìkéde bá sọ̀rọ̀ nípa ààbò ní ìdí ẹ̀rọ, tí ẹ sì ti kọ́ni ní i, ọ̀rọ̀ kan náà gan-an ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí ibi mọ́kànlá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ìwé kan kò wọ gbogbo ilé iṣẹ́.

Ẹ má kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tí ẹ kọ́ sínú CV láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni òfin tí ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni ti wà ní Nàìjíríà. Iye wọn tó. Kí orúkọ wọn wà nílé. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín àti ti báńkì kò ní ohun kan í ṣe nínú CV. Ní ti àwọn ẹlẹ́rìí, ẹ mú ọ̀gá kan tí ó rí yín bí ẹ ti ń kọ́ni, àti ẹnìkan tí ẹ kọ́, kí ẹ sì kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó bá sì béèrè owó lọ́wọ́ yín kí ó tó fún yín ní iṣẹ́, ẹ sá fún un.

A mọ̀ pé àwọn ìyá tí ń ka ojú ewé yìí lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin ilé iṣẹ́ ni. Rárá o. Ìyá tí ó ti fún ọmọ mẹ́wàá ní fírídọ́ọ̀mù nínú iṣẹ́ aṣọ rírán tàbí irun ṣíṣe jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ a sì máa wá irú rẹ̀. Ohun tí kò ní ni àkọsílẹ̀. Nítorí náà, ẹ ra ìwé akọsílẹ̀ kan lónìí. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá kọ́ ẹnìkan ní iṣẹ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ohun tí kò mọ̀ nígbà tí ó dé, àti ohun tí ó lè dá ṣe nígbà tí ó ń lọ. Ìlà mẹ́rin péré ni. Ọjọ́ tí ẹ bá nílò CV, ẹ ó rí i pé ẹ ti ń kọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ arákùnrin wa já sí. Ibi méjì ni ó mú ìwé tuntun náà lọ. Ti àkọ́kọ́ kò dáhùn títí di òní. Ti èkejì pè é. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jókòó níwájú rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ sì ni pé: nínú àwọn mẹ́tàlélógún yìí, ta ni ó ṣòro fún ọ jù láti kọ́? Ó sọ ìtàn ẹni tí ń bẹ̀rù ariwo ẹ̀rọ fún wọn, bí ó ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tí a ti pa kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó tó tan án. Wọ́n gbà á fún oṣù mẹ́ta láti dán an wò. Oṣù kejì nìyí. A kò mọ bí oṣù kẹta yóò ti rí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó wá kí wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìwé akọsílẹ̀ kan wà ní abẹ́ apá rẹ̀, orúkọ mẹ́rin sì ti wà nínú rẹ̀.

Ó dìgbà kan ná.